Igi lẹ́bàá ọ̀nà, gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ òpópónà wa nílùú Ilé-Ifẹ̀

Birikílà ni mí. Ilé ni mo máa ń kọ́, mo sì máa ń ṣe gọ́tà. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wa lẹ́yìn Lágere gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́: kí n bójú tó igi tí a fẹ́ gbìn sẹ́bàá ọ̀nà, láti oríta títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí omi ti máa ń dúró. Mò ń kọ bí a ṣe ṣe é sílẹ̀ torí pé àwọn àdúgbò mìíràn ti ń béèrè lọ́wọ́ wa, kódà àwọn ará Modákẹ́kẹ́ náà ti wá wò ó. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ṣáájú ni pé kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbìn sí dájú, kí wọ́n tó na owó sórí ọmọ igi kankan. Nínú oko, ẹ lè gbin igi tó bá wù yín. Nínú ìgboro, wáyà iná, gọ́tà, ògiri àti ẹni tó ń tajà níwájú ilé ló ń yan igi fún yín.

Ẹni tó bá mọ òpópónà wa lọ́sàn-án oṣù Kejì kò ní béèrè ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀. Páànù lókè, ọ̀dà nílẹ̀, kọnkéré níwájú gbogbo ilé. Gbogbo wọn ló ń mu oòrùn lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń tú ooru rẹ̀ jáde lóru, tí iná kò bá wá sí, ará ilé á máa fi páálí fẹ́ ara títí di ààjìn. Igi máa ń dá oòrùn dúró kó tó kan ògiri. Lẹ́yìn náà, omi tí gbòǹgbò rẹ̀ fà láti inú ilẹ̀ á máa gba ojú ewé jáde sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ooru àyíká ni omi yẹn ń gbà kó tó lè gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ṣe ń tutù. Ẹ fẹsẹ̀ rìn láti Mayfair wọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní agogo méjì ọ̀sán, ara yín á sọ ibi tí igi ti bẹ̀rẹ̀ fún yín.

Ti omi tún wà ńbẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ nílùú wa tó nǹkan bíi mílímítà 1,400 lọ́dún, èyí tó bá sì bọ́ sórí kọnkéré kò ní ibòmíràn tó máa lọ ju ìsàlẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ yẹn sì ni ilé àwọn ẹlòmíràn wà. Ewé máa ń gba òjò dúró díẹ̀ kó tó kan ilẹ̀, ilẹ̀ tí gbòǹgbò bá sì ti là máa ń mu omi.

Oṣù Kẹta: wíwọn ọ̀nà

Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ méjì mú téèpù, a rin òpópónà náà já. Níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, mo wo òkè, mo wo ẹ̀gbẹ́, mo wo ilẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé. Lókè, ṣé wáyà kọjá níbẹ̀? Lẹ́gbẹ̀ẹ́, báwo ni ògiri ṣe jìnnà tó? Nílẹ̀, ṣé páìpù omi tàbí sókàwéè ẹnì kan wà nítòsí, ṣé gọ́tà ibẹ̀ le àbí ó ti sán? Àwọn àgbà ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nínú iṣẹ́ yìí, òkèèrè yẹn ni ogún ọdún sí ìsinsìnyí, nígbà tí ọmọ igi tó wà nínú náílọ́ọ̀nù bá ti ga ju òrùlé lọ.

Mo tún fi ìwọ̀n kan dán àdúgbò wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan nípa igi ìgboro, Cecil Konijnendijk, ló gbé e jáde ní 2021, 3-30-300 ni wọ́n ń pè é: kí ènìyàn lè rí igi mẹ́ta, ó kéré tán, láti ilé rẹ̀, kí ìbòòji igi bo ìdá 30 nínú 100 àdúgbò, kí ọgbà tó ní igi má jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni ju mítà 300 lọ. Méjì tó gbẹ̀yìn ju agbára wa lọ, iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ la lè fojú ara wa wò. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, mo sì ka igi. Àwọn tó wà nítòsí oríta ń rí dongoyaro ńlá àti igi fúrúùtù. Láti àárín òpópónà sí ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé kò rí ẹyọ kan. Àárín yẹn la pinnu pé a máa ti bẹ̀rẹ̀.

A lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti béèrè ibi tí ojú ọ̀nà parí sí. Ẹ má fo èyí o. Igi tó bá bọ́ sínú ìwọ̀n tí wọ́n fi sílẹ̀ fún fífẹ̀ ọ̀nà, bó ti wù kó dàgbà tó, ọjọ́ tí katapílà bá dé ló máa lọ.

Ìpàdé tí a ti yan igi pẹ́ gan-an. Alága wa, bàbá àgbà tí wọ́n bí sí Ìrẹmọ, fẹ́ odán. Wọ́n ní abẹ́ odán ni wọ́n ti ń ná ọjà nígbà tiwọn, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń yanjú ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àyè ni odán ń fẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń tàn ká orí ilẹ̀, ó sì lágbára. Iwájú ààfin gbà á, àárín ọjà gbà á, àmọ́ ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín gọ́tà àti fẹ́ǹsì kò lè gbà á. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé odán lọ sí pápá ilé-ìwé, níbi tó ti máa rí àyè na ẹsẹ̀." Wọ́n gbà, wọ́n sì ní àwọn fúnra àwọn làwọn máa gbìn ín.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ igi tóóró gíga tí wọ́n ń pè ní masquerade, èyí tí wọ́n máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Ó dára lójú, kì í sì í fẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti sinmi. Ìbòòji là ń wá, torí náà a fi í sílẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Máńgòrò ni gbogbo ènìyàn fẹ́. Mo rán wọn létí òkò: níbi tí máńgòrò bá ti so lẹ́bàá ọ̀nà, wíńdò ilé àti gíláàsì mọ́tò kì í sinmi. A gbé e lọ sí ìsàlẹ̀, nídìí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́.

Ibi tí wáyà bá ti kọjá, gúrófà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti akòko la fi síbẹ̀, torí pé wọn kì í ga jù bí a bá ń tọ́jú wọn. Akòko kò nílò àlàyé fún ará Ifẹ̀, ewé rẹ̀ là ń fi jẹ oyè. Àǹfààní rẹ̀ fún ìgboro ni pé òkè ló máa ń nà sí, kì í gba ẹ̀gbẹ́ lọ títí, owó rẹ̀ kò sì wọ́n: ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ nígbà òjò, ẹ rì í mọ́lẹ̀, á hù. Ibi tí kò sí wáyà, tí iwájú ilé sì fẹ̀, dongoyaro àti àgbálùmọ̀ la yàn. Dongoyaro kì í ṣe ìbílẹ̀ wa, Íńdíà ló ti wá, nǹkan bí 1928 ni wọ́n gbìn ín sí ìhà Àríwá Nàìjíríà, àmọ́ ó mọ bí a ti ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Àgbálùmọ̀ kì í tètè so. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ wa á jẹ ẹ́.

Ìyá Alákàrà ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe mí lóore jù lọ nínú gbogbo ìpàdé náà. Wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ẹ má gbé igi sókè epo mi o. Ewé á máa já bọ́ sínú rẹ̀, ẹyẹ á máa yàgbẹ́ sí i, ta ló máa ra àkàrà náà?" Wọn kò sọ àsọdùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbin igi sí ìgboro kì í ronú ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ níwájú ilé, ìdí nìyẹn tí irú igi bẹ́ẹ̀ fi máa ń kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ẹni tó da omi gbígbóná sí i. Mo lọ sí ìsọ̀ wọn nírọ̀lẹ́, a jọ wo ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. A fi igi síhà ìwọ̀-oòrùn ìsọ̀ náà, kó jìnnà tó bí ẹ̀ka rẹ̀ kò ṣe ní dé orí agbada. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ti yẹ̀, ìbòòji á dé ọ̀dọ̀ wọn, ewé kò ní dé ibẹ̀. Àwọn gan-an ló ń bu omi sí i báyìí.

Oṣù Kẹrin: gọ́tà àti igi fúrúùtù

Kí a tó gbin ẹyọ kan, igi kan wà tí wọ́n fẹ́ gé. Igi fúrúùtù tó wà nítòsí oríta, abẹ́ rẹ̀ ni fọkanáísà ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò. Gbòǹgbò rẹ̀ kan tó nípọn bí itan gba abẹ́ gọ́tà kọjá, ó gbé ìsàlẹ̀ gọ́tà sókè, ó ti là, omi sì ń jò lọ sábẹ́ fẹ́ǹsì ilé tó kángun sí i. Fẹ́ǹsì náà ti sán. Bàbá tó ni ín ní kí a gé igi náà lulẹ̀, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi, owó ni wọ́n fi mọ ọ́n. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbẹ́ ibẹ̀ wò ná.

Gbòǹgbò kì í fọ́ kọnkéré tó le. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń wá kiri, ibi tó bá ti sán tí omi ń jò ló máa ń tọ̀. Bó bá ti ráyè wọlé tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, sísanra rẹ̀ ló sì ń gbé nǹkan sókè. Gọ́tà yìí, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ṣe é kò tó, kò sì sí irin nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ju ti igi nìkan lọ.

A wó ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin nínú gọ́tà náà. Nítòsí gbòǹgbò, ọwọ́ àti ṣọ́bìrì kékeré ni mo fi kó yẹ̀pẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi díígà débẹ̀, torí pé ibi tí èèpo gbòǹgbò bá ti bó ni jíjẹrà ti ń wọlé. Àwọn gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti wọ inú gọ́tà, a fi ayùn gé wọn. Èyí tó nípọn, a kò fọwọ́ kàn án. Irú rẹ̀ ló di igi mú. Bí a bá gé e, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló máa gbé igi náà sórí mọ́tò tàbí sórí ènìyàn. Mo tẹ́ yanrìn lé gbòǹgbò náà lórí, ó ga tó ìka mẹ́rin, kó lè ráyè sanra láìta nǹkan. Lórí yanrìn yẹn ni mo ti da ìsàlẹ̀ gọ́tà tuntun, tó fi irin mílímítà 12 ṣe egungun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì dúró lórí ilẹ̀ tó le ní ìhín àti ọ̀hún gbòǹgbò. Kọnkéré náà, sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Torí pé ìsàlẹ̀ gọ́tà ti ga sókè díẹ̀ níbẹ̀, mo tún ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe láti òkè wá kí omi má dúró, mo sì fi ìlà búlọ́ọ̀kù kan kún ògiri méjèèjì kí jíjìn rẹ̀ má dín kù.

Ẹ̀ka tó ń kan wáyà, a kò gùn ún fúnra wa. A dúró títí àwọn oníná fi wá pa iná, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí a fi gé e tán. Mo rọ fẹ́ǹsì bàbá náà padà. Ní gbogbo ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e, omi kò jò lọ sábẹ́ rẹ̀ mọ́, igi fúrúùtù sì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju gbogbo èyí tí a gbìn lọ. Ìbòòji tó ti gba igi ní ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tóbi báyẹn, kò sí ọmọ igi tó lè dá a padà lọ́dún méjì.

Oṣù Kẹfà: gbígbìn

A dúró di ìgbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, kí gbòǹgbò lè rí oṣù mélòó kan lò kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. A ra díẹ̀ nínú Ifẹ̀, a sì rán ẹnì kan lọ sí Ìbàdàn, sí FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ ní Jericho, tó ti wà láti 1954.

Ẹ má fi ewé nìkan yan ọmọ igi. Ọ̀kan wà nínú èyí tí a rà lẹ́bàá ọ̀nà, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó ga ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí mo fi bíléèdì la náílọ́ọ̀nù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ti yí po nídìí, ó lọ́ mọ́ ara rẹ̀, kò sí èyí tó dorí kọ ìta. Ó ti pẹ́ jù nínú náílọ́ọ̀nù. Irú rẹ̀ lè dàgbà fún ọdún díẹ̀, àmọ́ bó bá sanra tán, gbòǹgbò yẹn á fún ìdí ara rẹ̀ pa, tàbí kí ìjì wó o, torí pé kò di ilẹ̀ mú. A fi àlùmọ́gàjí gé èyí tó lọ́ po, a na àwọn tó kù síta nínú ihò pẹ̀lú ọwọ́, a sì gé díẹ̀ nínú ewé rẹ̀ kí ìwọ̀nba gbòǹgbò tó kù lè bọ́ ọ.

Ihò náà fẹ̀ ní ìlọ́po méjì náílọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n jíjìn rẹ̀ kò ju ti náílọ́ọ̀nù lọ, torí pé igi tó bá rì, ọrùn rẹ̀ á wọlẹ̀, á sì jẹrà. Ẹ múra sílẹ̀ fún ohun tí ẹ máa bá nílẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà ìgboro kì í ṣe ilẹ̀ oko: náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà, àfọ́kù ìgò, èéfọ́ búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn wọn ni ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ tí díígà ń ta padà. A ṣa ìdọ̀tí kúrò, a po yẹ̀pẹ̀ náà mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa. Èyí tó tutù máa ń jó gbòǹgbò. A kó ewé gbígbẹ bo ojú ilẹ̀, a fi àyè sílẹ̀ nídìí igi kí ikán má gba ibẹ̀ gùn ún.

Ti ewúrẹ́ kò jẹ́ kí a sùn. Ọgbà ọparun la ṣe yí igi kọ̀ọ̀kan ká, òpó mẹ́rin ní igun mẹ́rin, a wá la ọparun yòókù sí wẹ́wẹ́, a hun ún mọ́ wọn títí dé àyà ènìyàn. Ẹnu òpó tó máa wọlẹ̀, a kọ́kọ́ yan án nínú iná títí ó fi dúdú, kí ikán má tètè jẹ ẹ́. Ẹnì kan gbé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù wá pé kí a fi kùn ún, mo ní rárá, ilẹ̀ tí ọ́ìlì bá ti rin, gbòǹgbò kì í gbádùn rẹ̀. Túúbù táyà àlòkù tí fọkanáísà fún wa la gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi so igi mọ́ òpó. Wáyà máa ń wọ ara igi, túúbù máa ń fà.

Oṣù Kẹsàn-án: èèpo igi

Àwọn ọmọ igi ń dàgbà, ṣùgbọ́n dongoyaro ńlá tó wà lóríta ń kú lọ lókè. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń bó fún àgbo ibà, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ìdí rẹ̀ po tán. Omi láti inú ilẹ̀ ń gba inú igi gòkè, àmọ́ oúnjẹ tí ewé ń sè, abẹ́ èèpo ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò. Bí a bá bó èèpo yípo, gbòǹgbò á kú nítorí ebi, ewé á sì tẹ̀ lé e. Mo lọ bá màmá tó ń ta àgbo ní àdúgbò wa. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbàkígbà tí a bá fẹ́ gé ẹ̀ka, a máa ránṣẹ́ sí yín. Tiyín ni gbogbo èèpo àti ewé rẹ̀." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ló fẹ́ pa igi tó ń bọ́ ọ?" Àwọn ló tún wá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́jà Odò-Ògbé sọ̀rọ̀. Èèpo tó kù níhà kan ṣì so òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀, a sì ń ṣọ́ ọ.

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì: ọ̀gbẹlẹ̀

Kẹ́ẹ̀gì àlòkù la lò. A fi ìṣó gbígbóná lu ihò tíntín sí ìdí rẹ̀, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, omi á máa kán títí di ọjọ́ kejì. Ìyẹn san ju kí a da korobá omi kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ìdá tó pọ̀ á ṣàn wọ gọ́tà. A sì kọ orúkọ ilé tó ni igi kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ní Freetown, olú ìlú Sàró, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò igi mílíọ̀nù kan ní 2020, nọ́ńbà ni wọ́n fún igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń sanwó fún àwọn ará àdúgbò láti máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Àwa kò ní owó yẹn, orúkọ la lò.

Àwọn kan kú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà níwájú ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Méjì, iná ìdọ̀tí ló pa wọ́n: ẹnì kan gbá ilẹ̀, ó kó pàǹtí jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ọparun, ó ṣáná sí i. Ó dùn mí gan-an, torí pé akòko kan nínú wọn ti yọ ewé tuntun nínú ọyẹ́. Láti ìgbà náà ni Alága ti ń kéde rẹ̀ ní ìpàdé pé kí ẹnikẹ́ni má sun pàǹtí nídìí igi.

Igi fúrúùtù sì wọ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀, ewé ńlá pupa tó lè dí gọ́tà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ igi ní ìgboro gbọ́dọ̀ gbà pé ìgbálẹ̀ wà lára owó rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbá a lọ́jọ́ Sátidé, a sì ń kó ewé náà sídìí àwọn ọmọ igi.

Ohun tó kù

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, a máa fi òmíràn rọ́pò àwọn tó kú, èyí tó jẹ́ ti iwájú ilé òfìfo á sì lọ síwájú ilé tó ní ènìyàn. A máa tú túúbù tó ti ń fún igi. A máa pẹ̀ka àwọn tó yọ orí méjì, kí ọ̀kan ṣoṣo lè gòkè. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Mo sì ń bẹ gbogbo onílé tó fẹ́ da kọnkéré síwájú ilé lọ́dún yìí: ẹ fi mítà kan sílẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ igi, kí omi lè wọlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ pè mí kí ẹ tó dà á. Màá bá yín fi búlọ́ọ̀kù ṣe ètí rẹ̀ láìgba owó iṣẹ́, sìmẹ́ǹtì nìkan ni kí ẹ pèsè.